Ọmọ Ẹni Kì í Burú Títí Ká Fi Fún Ẹkùn Pa Jẹ

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ìyá inú ẹgbẹ́ wa sọ níbi ìpàdé àwọn ìdílé ní Sango-Ọ̀tà)

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé, tí oorun ṣì wà lójú yín, Ọlọ́run yóò fún yín lókun. Mo sì kí ìwọ tí kò lè wá, tí o ń ka ọ̀rọ̀ yìí nílé. Jọ̀wọ́ kà á dópin kí o tó bínú sí mi.

Kókó ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún mi lónìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń sọ láàárín wa. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa òfin tí yóò dáàbò bo àwọn tí ayé ń pè ní LGBTQ: ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin, obìnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí obìnrin, àti ẹni tí ìrísí tàbí ìṣe rẹ̀ kò bá ohun tí àwùjọ ń retí lọ́dọ̀ ọkùnrin tàbí obìnrin mu. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, ẹ̀rù bà mí, mo sì fẹ́ kọ̀. Ohun tí ó mú mi gbà ni ìyá kan tí ó wá bá mi fún ìrànlọ́wọ́, tí mo sì jẹ́ kí ó padà lọ́wọ́ òfo.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí mo ti ń ta aṣọ ní Sango. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin kan tí a jọ mọra wá bá mi níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń ṣe iṣẹ́ kásúà ní ilé iṣẹ́ kan ní agbègbè wa yìí, iṣẹ́ tí wọ́n lè dá ènìyàn dúró lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ láìsọ ìdí. Ẹnì kan bá ọmọ náà ṣọ̀rẹ́ lórí fóònù, ó ní kí ó wá kí òun nílé. Nígbà tí ó débẹ̀, ọmọkùnrin mẹ́rin ló bá nínú yàrá. Wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Wọ́n lù ú, wọ́n bọ́ ọ sí ìhòòhò, wọ́n sì ya fídíò rẹ̀. Wọ́n gba fóònù rẹ̀, wọ́n gba gbogbo owó tí ó wà ní báǹkì. Kò tán síbẹ̀. Lóṣooṣù ni wọ́n ń pè é pé kí ó fi owó ránṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fídíò náà yóò dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, yóò sì dé ìjọ tí ó ń lọ.

Ìyá náà ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ní àwọn kò lè lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, nítorí àwọn ọmọkùnrin náà ti sọ fún ọmọ òun pé bí ó bá débẹ̀, òun gan-an ni wọn yóò tì mọ́lé, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá ni yóò sì lọ. Ó bẹ̀ mí kí n bá òun wá ẹnì kan tí ó mọ òfin.

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í. Mo ní, "Ìyá Ṣadé, ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ nípa ọmọ yìí?" Kò dáhùn. Ó ń wo ilẹ̀. Mo wá sọ fún un pé kí ó lọ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ọmọ náà kọ́kọ́ ronú pìwà dà, lẹ́yìn náà kí wọ́n padà wá. (Ṣadé kọ́ ni orúkọ ọmọ rẹ̀ o. Mo yí i padà.) Obìnrin náà dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ. Kò padà wá mọ́. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ọmọ náà ti kúrò nílùú láìdágbére, ìyá rẹ̀ náà sì kó kúrò ládùúgbò. Títí di òní, n kò gbúròó wọn.

Mo béèrè ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà kí n tó béèrè ọgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó ń dùn mí nìyẹn. Àwọn mẹ́rin tí wọ́n jalè, tí wọ́n lu ènìyàn, n kò tilẹ̀ bi í léèrè nípa wọn.

Àwọn ọ̀dọ́ wa mọ irú ìwà ọ̀daràn yìí dáadáa. Kito ni wọ́n ń pè é. Kí ni ó ń mú kí ó rọrùn fún àwọn tí ń ṣe é? Ohun tí ó ń mú un rọrùn ni pé wọ́n mọ̀ pé ẹni tí wọ́n jà lólè kò ní lè ké. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí òfin sọ gan-an, nítorí ẹni tí kò mọ òfin ni wọ́n máa ń fi òfin dẹ́rù bà.

Òfin àkọ́kọ́ ti pẹ́. Nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà ní 1916, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìbálòpọ̀ tí wọ́n kà sí èyí tó lòdì sí ìṣẹ̀dá jẹ́ ọ̀ràn, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sì ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn yí tiwọn padà ní England àti Wales ní 1967, wọn kò ka a sí ọ̀ràn mọ́ bí àgbàlagbà méjì bá ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Tiwa wà níbẹ̀ títí di òní.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006, nígbà tí Olóyè Ọbásanjọ́, ẹni tí gbogbo wa mọ oko rẹ̀ níbí ní Ọ̀tà, wà lórí oyè ààrẹ, ìjọba rẹ̀ gbé àbá òfin kan dìde láti de ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin. Ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ni àbá náà dá. Kò di òfin kí ìjọba náà tó kógbá wọlé ní 2007. Wọ́n tún gbé irú rẹ̀ dìde. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí i ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan sì buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 7 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014. Òfin yìí dá ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ẹni tí ó bá wọ inú irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ó dá ọdún 10 fún ẹni tí ó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí tí ó ń bá wọn ṣe é, àti fún ẹni tí ó bá ń fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ó tún dá ọdún 10 fún ẹni tí ó bá ṣe ẹlẹ́rìí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, tàbí tí ó bá ti ẹgbẹ́ tàbí ìpàdé wọn lẹ́yìn.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Kò sí ibi tí òfin 2014 ti sọ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà síbì kan ti di ọ̀daràn nítorí ọkàn rẹ̀. Kò sí ibi tí ó ti fún ọmọ àdúgbò láṣẹ láti fọ́ ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, láti bọ́ aṣọ lára rẹ̀, láti gba owó rẹ̀. Ọ̀ràn ni láti fi ìhàlẹ̀ gba owó lọ́wọ́ ènìyàn, bí ó ti wù kí ẹni náà máa gbé ayé rẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 náà sì sọ pé ẹni tí ó bá ń fi iṣẹ́ orí ẹ̀rọ halẹ̀ mọ́ ènìyàn láti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ yóò jìyà rẹ̀. Àwọn mẹ́rin inú yàrá yẹn ni òfin yẹ kí ó wá.

Ààrẹ kan náà tí ó buwọ́ lu òfin 2014 ló tún buwọ́ lu òmíràn ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, òfin tí ó lòdì sí gbogbo ìwà ipá sí ọmọ ènìyàn, nílé tàbí ní ìta, ìbáà jẹ́ lílù, ìbáà jẹ́ ìfipábánilòpọ̀, ìbáà jẹ́ ìdẹ́rùbani. Ìpínlẹ̀ Ògùn wa ṣe tirẹ̀ ní 2017. Wàyí o, èwo nínú àwọn òfin wọ̀nyí ni àwọn ènìyàn abẹ́ afárá Sango mọ̀? Ti ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni. Ti ààbò, ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, mélòó nínú yín ló ti gbọ́ ọ rí?

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wá sí ibi tí kò jìnnà sí wa. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ láti Sango, tí ẹ gba Ìyànà-Ìpájà, ẹ ó dé Ẹgbẹ́dá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ọlọ́pàá wọ ilé ìtura kan níbẹ̀ lóru, wọ́n sì kó ọkùnrin 57. Ọlọ́pàá ní ṣe ni wọ́n ń mú àwọn kan wọ ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Àwọn ọkùnrin náà ní ọjọ́ ìbí ni àwọn wá ṣe. Kí ilé ẹjọ́ kankan tó gbọ́ ẹjọ́ wọn, wọ́n ti tò wọ́n síwájú àwọn oníròyìn, kámẹ́rà ń ya ojú wọn. Ọ̀kan nínú wọn fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kò dán mọ́rán gbèjà ara rẹ̀, gbogbo Nàìjíríà sì fi í ṣe ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fi fídíò náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Ìjọba gbé 47 nínú wọn lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó lábẹ́ òfin 2014. Gbogbo wọn ní àwọn kò jẹ̀bi. Ẹjọ́ ń sún síwájú, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba kò rí àwọn ẹlẹ́rìí kan mú wá, nígbà tí ó sì di oṣù kẹwàá ọdún 2020, Adájọ́ Rilwan Aikawa da ẹjọ́ náà nù nítorí ìjọba kò fi aápọn ṣe é. Ó lé ní ọdún méjì. Ẹ rò ó wò: ọkùnrin kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ ṣíìfù bíi tiyín, tí wọ́n fi ojú rẹ̀ hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ó ń lọ ilé ẹjọ́ tí ó ń bọ̀. Ọ̀gá wo ni yóò gbà á padà sí ẹnu iṣẹ́? Onílé wo ni yóò fi í sílẹ̀ nínú yàrá? Ilé ẹjọ́ kò rí i pé ó jẹ̀bi ohunkóhun, ṣùgbọ́n ó ti jìyà tán.

Èyí tí ó burú jù ni ti àwọn èrò. Ní oṣù kejì ọdún 2014, oṣù kan péré lẹ́yìn tí wọ́n buwọ́ lu òfin náà, àwọn èrò ní Gishiri, ní Abuja, fa àwọn ọkùnrin bíi mẹ́rìnlá jáde nínú ilé lóru, wọ́n sì lù wọ́n. Ní oṣù kejì ọdún 2017, ìròyìn jáde láti ìlú Oǹdó pé èrò lu ọkùnrin kan pa nítorí irú ẹ̀sùn kan náà. Oǹdó kì í ṣe ìdálẹ̀. Yorùbá bí èmi àti ìwọ ni wọ́n.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Kí ni ó kàn mí? Ọmọ tèmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Yorùbá ní pàṣán tí a fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Èrò tí ń dájọ́ kì í wádìí. Ẹ rántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ti Yunifásítì Port Harcourt ní Aluu, ní oṣù kẹwàá ọdún 2012. Wọ́n pè wọ́n ní olè, wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní 2017, ilé ẹjọ́ ní Ìpínlẹ̀ Rivers dájọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta lórí ọ̀ràn náà. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọlọ́pàá. Ní Sango níbí, gbogbo wa ti gbọ́ igbe "Olè! Olè!" rí, a sì mọ bí táyà ṣe máa ń yára dé. Bí a bá gbà pé irú ènìyàn kan wà tí èrò lè ṣe bí ó ti wù wọ́n sí, a ti gbé pàṣán náà sájà. A kò mọ ẹni tí wọn yóò fi nà lọ́la.

Ó sì ti kan àwọn bàbá wa nínú ìgbàgbọ́ rí. Ní 1932, ìjọba amúnisìn mú Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí ìsọjí rẹ̀ mì gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì fi í sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní ìlú Bìní. Lójú àwọn aláṣẹ ìgbà náà, arúlùú ni. Àwa tí a ń jó tí a ń pariwo nínú ìjọ lónìí láìsí ẹni tí ó mú wa, òfin tí ó fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn ló ń bò wá.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a wá sí òfin ààbò tí à ń sọ. Àjọ tí ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn nílẹ̀ Áfíríkà, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Banjul, ní Gambia, ṣe ìpàdé rẹ̀ kẹtàdínlọ́gọ́ta ó dín méjì, èyíinì ni ìkarùndínlọ́gọ́ta, ní Luanda, ní Angola, láàárín oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún ọdún 2014. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìpinnu kan tí nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ 275. Àwọn ọmọ Áfíríkà ló ṣe é, wọn kò gbé e wá láti òkè òkun. Wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu lílù, ìfipábánilòpọ̀, ìpànìyàn, ìlọ́nilọ́wọ́gbà àti ìfini-sátìmọ́lé láìnídìí tí wọ́n ń ṣe sí àwọn ènìyàn nítorí ẹni tí wọ́n jẹ́, tàbí nítorí ohun tí ayé kàn rò pé wọ́n jẹ́. Wọ́n pe gbogbo orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n ṣe òfin tí yóò fòpin sí i, kí wọ́n wádìí rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n sì fi aápọn bá àwọn tó ṣe é ṣẹjọ́. Ìpè ni, kì í ṣe òfin tí ó lè fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn tí wọ́n gbé e lé, Nàìjíríà ti sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ láti 1983. Ìwé náà sọ pé olúkúlùkù ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí rẹ̀ àti sí iyì rẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè kò gbà á bákan náà. Ní Botswana, ilé ẹjọ́ gíga wọ́gi lé òfin ayé amúnisìn yẹn ní 2019, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 2021. Ní Ghana, ilé aṣòfin fọwọ́ sí òfin tó túbọ̀ le ní oṣù kejì ọdún 2024, ṣùgbọ́n Ààrẹ Akufo-Addo fi ipò sílẹ̀ láìbuwọ́ lù ú. Ẹ tilẹ̀ wo ọ̀nà Ìdírókò tó kọjá lẹ́nu ilé wa yìí. Bí ẹ bá tọ̀ ọ́ dé orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn ará wa ní Kétu ń gbé, ẹ kò ní bá òfin tó ń fi àgbàlagbà sẹ́wọ̀n nítorí èyí. Ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú, ilẹ̀ náà kò sì tìtorí rẹ̀ bàjẹ́.

Mo mọ ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn yín, nítorí ó wà lọ́kàn tèmi náà.

Ẹnì kan yóò ní, "Ṣé wọ́n fẹ́ kí àwọn pásítọ̀ wa máa so wọ́n pọ̀ ní ìgbéyàwó ni?" Rárá. Ìpinnu 275 kò sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rárá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí àti ara ni ó sọ. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní ìpín 38, fún wa ní òmìnira láti gba ohun tí a gbà gbọ́ àti láti fi kọ́ni. Kò sí ẹni tí ó ń gba ẹ̀kọ́ ìgbéyàwó lọ́wọ́ ìjọ.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Àwọn ọmọdé ńkọ́?" Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ọmọdé, ìbáà jẹ́ ọkùnrin sí ọmọbìnrin tàbí ọkùnrin sí ọmọkùnrin, ọ̀daràn ni, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 kò sì ṣojú rere sí i. Òfin ààbò tí à ń wí kò bo irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sì sòótọ́, àwọn ọ̀ràn ìfipábánilòpọ̀ tí wọ́n gbé wá sí ẹgbẹ́ wa yìí, bàbá àti àbúrò bàbá tí a bọ̀wọ̀ fún ló pọ̀ nínú wọn.

Ìbéèrè kẹta ló wúwo jù. "Bí a bá dáàbò bò wọ́n, ṣé a kò ti fọwọ́ sí ìṣe wọn?" Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi lọ sínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 21 àti 22. Èrò mú Pọ́ọ̀lù ní Jerúsálẹ́mù, wọ́n ń lù ú, wọ́n fẹ́ pa á. Ta ló gbà á sílẹ̀? Olórí ogun Róòmù ni. Ọkùnrin náà kò gba ohun tí Pọ́ọ̀lù gbà gbọ́. Kò tilẹ̀ mọ ohun tí ó ṣe. Ó rò pé ará Íjíbítì kan ni. Síbẹ̀ ó kọ́kọ́ fà á yọ lọ́wọ́ èrò kí ó tó béèrè ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ nà án, Pọ́ọ̀lù ké pe òfin, ó ní ọmọ onílùú Róòmù ni òun, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Bí olórí ogun yẹn bá ti ṣe bí mo ti ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù mi, tí ó ní kí Pọ́ọ̀lù kọ́kọ́ dáhùn ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án kí òun tó gbà á, a kì bá tí ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé tí à ń kà.

Ẹ tún wo obìnrin tí wọ́n mú wá síwájú Jésù nínú Jòhánù orí 8. Olúwa bá a sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ṣẹ̀, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tò. Òkúta kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ná. Wọ́n lọ tán, ó ku òun àti obìnrin náà, kí ó tó sọ fún un bí yóò ṣe máa gbé. Ẹni tí ó ti kú sábẹ́ òkúta kò lè gbọ́ ìwàásù.

Mo mọ̀ pé èrò wa nínú ẹgbẹ́ yìí kò ṣọ̀kan. Àwọn kan nínú yín fẹ́ kí wọ́n pa òfin 2014 rẹ́ pátápátá. Àwọn kan fẹ́ kí ó dúró bí ó ṣe wà. N kò wá parí àríyànjiyàn náà lónìí. Ohun tí mo gbà ni pé ìpín tó ń fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 dẹ́rù ba ẹni tó fẹ́ ṣèrànwọ́ kò yẹ kí ó wà níbẹ̀, nítorí nọ́ọ̀sì ń bẹ̀rù rẹ̀, agbẹjọ́rò ń bẹ̀rù rẹ̀, ìyá pàápàá ń bẹ̀rù láti ké fún ọmọ rẹ̀. Àti pé kí Ìpínlẹ̀ Ògùn fi nǹkan méjì kún òfin rẹ̀ ti 2017. Èkínní, kí ẹni tí ó bá lọ fẹjọ́ sùn pé wọ́n lu òun tàbí wọ́n fi ìhàlẹ̀ gba owó òun má ṣe di ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́ nítorí ẹjọ́ tí ó fi sùn. Èkejì, kí ó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin fún òṣìṣẹ́ ìjọba láti máa yẹ fóònù ọ̀dọ́ wò lójú títì láìní àṣẹ ilé ẹjọ́. Àwọn aṣojú tí a dìbò yàn láti Adó-Odò/Ọ̀tà wà ní ilé aṣòfin ní Òkè-Mọ́sàn, ní Abẹ́òkúta. Ẹ jẹ́ kí a kọ ìwé sí wọn, kí a fọwọ́ sí i, kí a sì fi orúkọ wa síbẹ̀.

Kí òfin tó dé, ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa pọ̀.

Bí ọmọ rẹ bá bá ọ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, má ṣe lé e jáde. Ojú títì Sango lóru kì í ṣe ibi tí ọmọ ti ń yí padà, ibi tí àwọn ẹni ibi ti ń rí i mú ni. Bínú bí o bá máa bínú, sunkún bí o bá máa sunkún, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ó sùn nínú ilé rẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń fi fídíò tàbí àwòrán halẹ̀ mọ́ ẹni tìrẹ, ẹ má ṣe san owó mọ́. Bí ẹ ti ń san án ni wọn yóò máa béèrè sí i. Ẹ má ṣe pa iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ rẹ́. Ẹ kọ nọ́mbà fóònù àti nọ́mbà báǹkì tí wọ́n ní kí ẹ sanwó sí sílẹ̀. Ẹ má ṣe dá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ mú agbẹjọ́rò dání. Bí kò bá sí owó agbẹjọ́rò, Àjọ Ìrànlọ́wọ́ Òfin ti ìjọba àpapọ̀ wà fún aláìní, Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ènìyàn ti Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, sì ń gba ẹ̀sùn lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ẹ bá rí èrò tí wọ́n yí ènìyàn ká, ẹ má ṣe ya fídíò. Ẹ pe àwọn àgbà àdúgbò, ẹ pe pásítọ̀, ẹ pe ọlọ́pàá, kí ẹ sì dúró síbẹ̀. Ojú ẹni tí a mọ̀ máa ń ti èrò.

Bí wọ́n bá sì fi irú fídíò ti Ẹgbẹ́dá yẹn ránṣẹ́ sí ọ, jẹ́ kí ó parí sọ́wọ́ rẹ.

Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Àwọn baba wa tó pa òwe yìí mọ̀ pé ọmọ lè burú lójú òbí rẹ̀. Wọn kò jiyàn ìyẹn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹkùn kọ́ ni a ń fà á lé lọ́wọ́. Bí a bá ní ọ̀rọ̀ láti bá ọmọ wa sọ, inú ilé la ó ti sọ ọ́, òun náà yóò sì ní ẹ̀mí láti fi dá wa lóhùn.

Àga kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi tí ìyá yẹn jókòó lé lọ́jọ́ náà. N kò gbé e kúrò. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ibi tí ó wà, ẹ bá mi sọ fún un pé kí ó padà wá, kí ó mú ọmọ rẹ̀ dání bí ó bá ti rí i. Mo ti bá agbẹjọ́rò kan sọ̀rọ̀. N kò ní bi í ní ìbéèrè kankan.

Kí Olúwa dárí jì wá níbi tí a ti kùnà, kí ó sì fún wa ní ìgboyà láti dúró ti ẹni tí ó nílò wa. Àmín.